Ìjẹ̀bú-Òde Tí Wọ́n Ń Sọ Nílé: Bí Ẹ Ó Ṣe Lọ Fojú Ara Yín Rí I

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kánò àti lókè òkun tó jẹ́ pé ẹnu ìyá àgbà nìkan ni wọ́n ti mọ ìlú bàbá wọn. Wọ́n lè ki oríkì dé ìlà kẹta, wọ́n ti gbọ́ nípa ogun òyìnbó, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹbí máa ń gẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ọ̀nà ilé. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní ẹbí níbẹ̀ rárá. Inú ìwé ni wọ́n ti bá Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pàdé, ó sì ti ń wù wọ́n láti ìgbà náà. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ èyí fún.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti wo ère àti ilé ńlá nìkan yóò rí ìlú tó fẹjú, tó ní ọ̀dà àti ọjà, yóò sì tètè padà. Orúkọ èèyàn, orúkọ agbo ilé àti oríkì ló ń ṣínà níbẹ̀. Nítorí náà, ìdajì ìrìn àjò yìí ni ẹ ó ṣe kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àgbà

Ẹ wá ẹni tó dàgbà jù tó kù nínú ẹbí. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé fóònù síbi tí yóò ti máa rí i. Bí ẹ bá kàn ní kí wọ́n sọ ìtàn Ìjẹ̀bú fún yín, ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni wọ́n máa sọ: Ọbańta, Awùjalẹ̀, owó. Ìbéèrè tó lójú ni kí ẹ bi wọ́n. Kí lorúkọ agbo ilé wa? Ìta wo ló wà? Ta ni wọ́n sin sínú ilé náà? Ọjà wo ni ìyá yín ń ná, kí ni wọ́n sì ń tà? Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí wo ni wọ́n ń lọ? Ilé ta ló wà níwájú ilé wa, ta ló sì wà lẹ́yìnkùlé?

Ẹ gba gbogbo orúkọ tí bàbá àgbà ní. Èyí tí wọ́n fi ń pè é níbi iṣẹ́ l'Ékòó lè má jẹ́ nǹkan kan létí àwọn ará ilé. Orúkọ àbísọ, orúkọ oríkì, ìnagijẹ, orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pè é: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ìnagijẹ ni àwọn arúgbó tètè máa ń rántí, tí ojú wọn á sì là bí ẹ bá ti pè é.

Ẹ tún bèèrè rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, irú bíi Ọbafúwàjì, Bọ́bakẹ́yẹ, Gbọ́baníyì, Jagunmólú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ tí ìyá tàbí bàbá yín wà, ẹ ó mọ àwọn tó bá a dàgbà, àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni yóò sì lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ọdún máa ń dojú rú nínú ìtàn ilé. Àwọn àgbà kì í sọ pé "lọ́dún 1918", wọ́n á ní "lọ́dún lùkúlùkú." Ẹ lè fi àwọn àmì báyìí to ìtàn yín: ogun òyìnbó ní Ìjẹ̀bú, oṣù karùn-ún ọdún 1892, àrùn lùkúlùkú, 1918, ọdún tí Awùjalẹ̀ Daniel Adésànyà, Gbélégbùwà Kejì, gorí oyè, 1933, ọdún tí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà gorí oyè, 1960, ìgbà tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, 1972, ìgbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, 1973, ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, 1976. Bí ìyá àgbà bá ní wọ́n bí òun nígbà tí ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ lùkúlùkú, ẹ ti rí ibi kan fi ẹsẹ̀ lé.

Ìwé tí ẹ ti kà

Bí ìwé ló fà yín wá, ẹ tún un kà, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú, odò àti ọjà tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1989 nípa ayé bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, orúkọ ìlú bàbá náà, Ìsarà ní Rẹ́mọ, ló sì fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó má ṣe lọ sí Ìsarà láti wá yàrá kan tàbí àga kan tó wà nínú rẹ̀. Ìrìn ọjà, bí àwọn èèyàn ṣe ń kíra, bí ọ̀rọ̀ ọba ṣe ń mú gbogbo ilé jíròrò: àwọn wọ̀nyẹn ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Àkọsílẹ̀ òyìnbó nípa Ìjẹ̀bú ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508 pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ "Geebuu", tí kòtò ńlá yí i ká, pé "Agusale" ni wọ́n sì ń pe ọba rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èdè mọ̀ pé Awùjalẹ̀ ló gbọ́ tó kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé Òkè-Erì, ìlú tí kòtò àti ògiri amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Erédò wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ mú àsìkò

Ojúde Ọba ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ rí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é, nítorí náà oṣù ló ń darí rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì ń yí lọ́dọọdún. Àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ Balógun Kúkù, olóyè ogun Ìjẹ̀bú-Òde kan, sì wà nínú ìtàn náà gbọn-in. Lónìí, ẹlẹ́sìn gbogbo ló ń wá. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á wọ aṣọ kan náà, ẹgbẹ́ kan á kọjá níwájú ọba kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìdílé Balógun àtàwọn ẹlẹ́ṣin mìíràn á gun ẹṣin wọlé, ilù á máa dún, ìbọn ṣakabùlà á máa bú. Ẹ má ṣe dúró sẹ́yìn ẹṣin láti ya fọ́tò. Ìbọn máa ń dẹ́rù bà á, ó sì lè tapá. Ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹbí sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, nítorí ìlú máa ń kún débi pé àwọn kan ń sùn sí Ṣàgámù.

Àmọ́ bí ìtàn ìdílé ni ẹ ń wá, èrò mi ni pé kí ẹ má lọ lásìkò Ojúde Ọba. Kò sí àgbà tó ráyè. Gbogbo ilé ló ń se oúnjẹ, gbogbo ọmọ ló ń wá aṣọ ẹgbẹ́. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù: òjò ti lọ, ọ̀nà gbẹ, inú Erédò kò yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì bí ẹ kò bá fẹ́ràn ìnáwó lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ Agẹmọ, ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò gbọ́dọ̀ yà yín lẹ́nu lójú ọ̀nà. Alágẹmọ, àwọn àwòrò Agẹmọ, mẹ́rìndínlógún ló wà, láti oríṣiríṣi ìlú Ìjẹ̀bú. Tàmí ti Odògbolú ni olórí wọn. Ní nǹkan bí oṣù keje ni wọ́n ń jáde, wọ́n á sì péjọ sí Ìmọ̀sàn. Obìnrin kì í rí wọn lójú ọ̀nà bí wọ́n bá ń kọjá, ọkùnrin náà sì ní ìlànà tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ẹ pe ẹni tó ń gbé ìlú kí ẹ tó gbéra, ẹ bi í léèrè bóyá Agẹmọ ń jáde tàbí Orò ń kọjá lọ́sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ní kí obìnrin wọlé, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ má sì gbé fóònù sí ojú fèrèsé.

Ọ̀nà

Láti Èkó, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ń gbà dé Ṣàgámù, kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà Benin. Ẹni tó wà ní apá Ìkòròdú lè gba Ìtóìkín, ẹni tó wà ní Lẹ́kí lè gba Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ fi ń ti etí ọ̀sà wọlé. Láti Ìbàdàn, yàtọ̀ sí ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ kan wà tó gba Ìdí-Ayunrẹ́ àti Mámu jáde sí Òrù. Ẹ bi dírẹ́bà bí ó ṣe rí lásìkò yẹn kí ẹ tó yàn án.

Ẹ mú owó kéékèèké dání, kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹ ó ti rí oní-POS. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Máárúwá ni yóò gbé yín kiri inú ìlú. Bí ẹ bá fẹ́ dé Òkè-Erì, Òsósà àti Rẹ́mọ, ẹ háyà mọ́tò fún odidi ọjọ́ kan, ẹ dúnàá dúrà pẹ̀lú dírẹ́bà kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì sọ gbogbo ibi tí ẹ fẹ́ dé fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ìlú

Ẹ fẹsẹ̀ rìn ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi ère Ọbańta. Ìtàn ìlú sọ pé Olú-Ìwà ló kọ́kọ́ tẹ ìlú yìí dó, pẹ̀lú Ajẹ̀bú àti Olóde tó bá a wá. Arísù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbọ̀rọ̀gánńdà, tí a mọ̀ sí Ọbańta, wọlé, tó sì jọba. Wọ́n á fi ibojì Ajẹ̀bú hàn yín ní Ìmẹ̀pẹ̀, ti Olóde sì wà ní Ìta-Àjànà. Kékeré ni àwọn ibi wọ̀nyí, èrò ọjà àti ọ̀kadà sì yí wọn ká. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó nítòsí. Wọ́n máa ń dìde mú èèyàn lọ.

Láti ibẹ̀ ẹ lọ sí ààfin. Ẹ wọ aṣọ tó bo ara dáadáa, ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti agbo ilé tí ẹ ti wá, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ dé ni kí ẹ dé, ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ ya fọ́tò ni kí ẹ yà á. Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà lo ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́ kí ó tó wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025, nítorí náà ọ̀pọ̀ ará ìlú tó ti darúgbó kò mọ ọba mìíràn látìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn, ẹ bi àgbà kan ohun tó rántí nípa ọdún 1960. Ìdílé ọba mẹ́rin ló wà: Gbélégbùwà, Aníkìnáìyá, Fúsẹ̀ngbùwà àti Fidípọ̀tẹ̀. Bóyá wọ́n ti sọ nínú ilé yín pé "ọmọ ọba ni wá". Ibi yìí ni ẹ ti lè mọ ìdílé tí wọ́n ń wí.

Bí ẹ bá ń kọjá ní àwọn ìta àtijọ́, ẹ gbé ojú sókè. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ máa ń ní ọdún tí wọ́n kọ́ wọn tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ sí iwájú òrùlé, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, òdòdó àti kìnnìún aláfisìmẹ́ǹtì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó òwò ló kọ́ wọn. Ẹ sọ fún ẹni tó bá mọ ìlú pé kó mú yín dé ilé Balógun Kúkù. Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1913, náà wà níbẹ̀. Bí bàbá àgbà bá jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ má ṣe kọjá láìdúró.

Agbo ilé

Èyí ni ọkàn ìrìn àjò náà fún ẹni tó ní ẹbí níbẹ̀, ẹ má ṣe kù gìrì sí i.

Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun áṣárì, nígbà tí àwọn àgbà ti jókòó síta. Ẹ mú nǹkan lọ́wọ́: bíṣíkíìtì fún ọmọdé, ohun mímu àti obì fún àgbà. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, láìwo aṣọ tí ẹ wọ̀. Ẹ wá sọ pé, "Ọmọ lágbájá ni mí, tó lọ sí Èkó nígbà tí ó ṣe báyìí báyìí." Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Wọ́n á bi ara wọn, wọ́n á jiyàn, ẹnì kan á wọlé lọ pe ìyá kan tó ti ń sùn. Ìyá náà á wo ojú yín pẹ́, á di iwájú orí yín mú, á sì pe orúkọ ẹnì kan tí ẹ ò tíì dárúkọ.

Nígbà náà ni oríkì á bẹ̀rẹ̀: ọmọ alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójójóyè, kí wọ́n tó wá já a sí ti ilé yín gan-an. Ẹ tan fóònù láti gbà á, ṣùgbọ́n ẹ tọrọ àyè kọ́kọ́.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò lè fi sílẹ̀: ẹ má ṣe bèèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ má bi wọ́n ibi tí oko bàbá àgbà parí sí, ẹ má bi ẹni tó ń gba owó ilé ìsàlẹ̀. Bí ọmọ tí wọn kò rí láti ọjọ́ pípẹ́ bá dé lójijì, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé ogún ló wá pín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìtàn lẹ wá gbọ́. Ẹ fi fọ́tò àtijọ́ hàn wọ́n. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ilé. Kò sí ohun tó ń tú àgbà nínú bíi kó rí ara rẹ̀ nígbà èwe.

Ẹ ní kí wọ́n fi ibojì hàn yín. Ní ilé àtijọ́, inú pálọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, sìmẹ́ǹtì orí rẹ̀ sì lè ní orúkọ àti ọdún. Ẹ ka á pẹ̀lú ìka bí kíkọ rẹ̀ bá ti parẹ́, kí ẹ sì fi í wé ohun tí ìyá àgbà sọ nílé. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má ṣe tún ti ẹnikẹ́ni ṣe lójú rẹ̀.

Bí àgbà Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, bá ti wà rí nínú ilé náà, ó ṣeé ṣe kí ìtàgbé kan wà nínú àpótí. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wò ó. Aṣọ olónà ni, àwọn obìnrin ló ń hun ún lórí òfì ìnàró. Òwú rẹ̀ nípọn, àwòrán orí rẹ̀ sì yọ sókè débi pé ojú ìka lè mọ̀ ọ́n: ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́, àwọn ẹ̀dá inú omi, ìdí rẹ̀ ní wajawaja tó gùn. Ìjẹ̀bú ló ń hun aṣọ tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ń wá rà ní etí òkun nígbà ayé àwọn baba ńlá wa. Ẹ má fọwọ́ kàn án àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ kàn án.

Òkè-Erì àti Erédò

Ẹ ya odidi àárọ̀ kan sọ́tọ̀ fún èyí. Òkè-Erì kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ kọ́kọ́ rí àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n fún yín ní ẹni tó máa mú yín lọ. Ẹ má dá wọ inú igbó. Ibẹ̀ ni ibojì tí wọ́n sọ pé ti Bílíkísù Ṣùńgbọ́ ni wà. Ìtàn ìlú ní obìnrin ọlọ́rọ̀ ni, tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò náà kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Àwọn kan ní òun gan-an ni ayaba Ṣébà, èyí ló ń mú ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí lọ síbẹ̀ fún àdúrà lọ́dọọdún. Ibi ọ̀wọ̀ ni: ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ ọ, kí obìnrin sì bèèrè ibi tí òun lè dé kó tó tẹ̀ síwájú.

Erédò fúnra rẹ̀ jẹ́ kòtò àti ògiri amọ̀ tó lé ní ọgọ́jọ kìlómítà, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí apá kan rẹ̀ sì wọ ọ̀dọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ògiri tó nǹkan bí ogún mítà. Patrick Darling, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, tó wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990 ló jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Láti 1995 ló sì ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn tó tún gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí sọ pé ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni. Bó ti wù kó jẹ́, ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ará Pọtogí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ooru ọ̀nà á dáwọ́ dúró. Ògiri pupa dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, ewéko tútù lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè dé ìdí, gbòǹgbò igi ń yọ jáde láti ara rẹ̀, omi sì ń ro níbì kan tí ẹ ò rí. Ojú ọ̀run kò ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ láàárín igi. Ẹ fọwọ́ kan ògiri náà, ẹ ó rí i pé ó le, kò rí bí amọ̀ tí ẹ mọ̀. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ko gbogbo erùpẹ̀ yẹn jáde. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú àti ṣòkòtò gígùn, ẹ mú omi dání, ẹ má sì gùn ún lẹ́yìn òjò. Ẹ má gbẹ́ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má sì kọ orúkọ yín sára rẹ̀. Ó dùn mí láti rí ibi tí àwọn èèyàn ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmàgbọ̀n

Ẹni tí wọ́n ti sọ ìtàn ogun òyìnbó fún gbọ́dọ̀ dé apá Ìmàgbọ̀n, níbi odò Yemọjí, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ti pàdé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1892. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ló wà lórí oyè. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò ni: Ìjẹ̀bú ló wà láàárín ọ̀sà àti ìlú òkè, wọ́n ń gba owó ibodè, wọn ò sì gbà kí àjèjì máa gba inú ìlú wọn kọjá. Gómìnà Carter rán ọmọ ogun láti Èkó, pẹ̀lú ìbọn Maxim tó ń yìn léraléra, ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú sì ṣubú. Kò sí ohun púpọ̀ láti wò níbẹ̀. Ẹ lọ, ẹ dúró, kí ẹ sì rántí pé lẹ́yìn ogun yìí ni ọ̀pọ̀ ilé, bóyá ti yín náà, gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí tàbí ti Kírísítẹ́nì.

Òsósà, lẹ́yìn náà Rẹ́mọ

Òsósà súnmọ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Hubert Ògúńdé lọ́dún 1916, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí lọ́dún 1990. Ilé rẹ̀ ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ pe wọ́n sílẹ̀ kí ẹ má bàa bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ti sọ fún un bí wọ́n ṣe ń tò láti wo eré Ògúńdé á mọ ohun tí mò ń wí bó bá débẹ̀. Òun ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de eré rẹ̀ lọ́dún 1964 nítorí "Yorùbá Ronú".

Rẹ́mọ yẹ fún ọjọ́ kan tirẹ̀. Ṣàgámù, níbi tí Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, wà, jẹ́ ìlú mẹ́tàlá tó kó ara wọn jọ lọ́dún 1872 nítorí ogun. Bí wọ́n bá sọ nílé yín pé Ṣàgámù lẹ ti wá, ẹ bèèrè èwo nínú mẹ́tàlá náà: Màkún, Òfin, Ìjọkú, Ṣónyìndó, tàbí òmíràn. Láìmọ èyí, ẹ lè rìn kiri lásán. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ lọ sí ilé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní ìlú náà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909, tí wọ́n sì sin síbẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1987. Mayflower School tí Táì Ṣólárìn dá sílẹ̀ lọ́dún 1956 wà ní ìlú kan náà. Ìsarà gbẹ̀yìn, fún àwọn tí ìwé gbé wá.

Oúnjẹ àti ẹrù àmúrelé

Ẹ má ṣe kúrò láìjẹ ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà tí wọ́n rin ni wọ́n ń fi ọwọ́ bù sínú ọbẹ̀ epo tó ń hó, tó ní ata, edé, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́. Wọn kì í rò ó lójú ẹsẹ̀, kí ó lè dì ní kókó kókó. Ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú ń fi ẹ̀bà tó ti tutù jẹ ẹ́, ẹ gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Rẹ́mọ, ẹ bèèrè ẹ̀bìrìpò, oúnjẹ kókò tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi ewé dì.

Gàrí ni ẹrù tí wọ́n á bi yín léèrè bí ẹ bá padà. Ẹ lọ sọ́jà ní àárọ̀, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ sì jẹ ẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi kúnná, ó gbẹ, ó sì kan nítorí pé wọ́n jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó yan án. Bí kò bá dún láàárín eyín, ó ti gba omi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ra ti ìyá àgbà kọ́kọ́ kí ẹ tó ra ti ara yín, kí ẹ sì bá a mú ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ ní agbo ilé lọ. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn àwọn tó kù kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè mìíràn, nítorí yóò rántí ohun tí kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Kí fóònù yín ti wà ní ṣíṣí nígbà náà.

Bí Èkó ni ẹ ń padà sí, ẹ má ṣe yan ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Gbogbo àwọn tó lọ ṣe ìnáwó ló ń wọlé nígbà náà, mọ́tò sì máa ń dúró pẹ́ ní Ṣàgámù. Ẹ kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án.